Ẹni Tí Ó Gbin Ìtàkùn

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ kékeré ni kí ènìyàn yan ewéko tí yóò gbìn sí ẹ̀bá ògiri ilé rẹ̀. Owó rẹ̀ ni yóò fi rà á, ilẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbìn ín sí, òun náà ni yóò sì máa bu omi sí i. Bí a bá ní ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí wà nínú irú yíyàn bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn lè fi wá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ewéko náà bá jẹ́ èyí tí ń fà, tí kò lè dá dúró, ọ̀rọ̀ di méjì. Ìtàkùn kì í gbé ara rẹ̀. Ohun mìíràn ni ó ń gbé e. Ẹni tí ó bá yan ìtàkùn ti di ẹrù ru ohun tí yóò gbé ìtàkùn náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àdúgbò Òkè-Fìà ní Òṣogbo gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí Òṣogbo sì di olú-ìlú rẹ̀. Òkè-Fìà ni Ilé Ìjọba wà. Ní irú àdúgbò báyìí, ògiri ni a fi ń yí ilé ká, ògiri kan ṣoṣo a sì máa jẹ́ ààlà fún ilé méjì. Ọ̀ṣọ́ tí àwọn kan ń fẹ́ sí ara ògiri bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n rí nínú àwòrán ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì: ewéko tí wọ́n ń pè ní ivy, tí ó bo ilé láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tútù ni ivy fẹ́. Ooru ilẹ̀ wa kò bá a lára mu. Ohun tí a sábà máa ń gbìn dípò rẹ̀ ni ìbátan igi ọ̀pọ̀tọ́ kan, elewé wẹ́wẹ́, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà àti Jàpáànù, tí í fi gbòǹgbò tín-ín-rín ara ẹ̀ka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn mìíràn a yan bougainvillea ẹlẹ́gùn-ún, ọmọ Gúúsù Amẹ́ríkà, tí a fi orúkọ Bougainville pè, ará Faransé tí ó fi ọkọ̀ òkun yí ayé po láàrin ọdún 1766 sí 1769.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti fara ti ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ni í bá tan. Àgbẹ̀ tí ó ní oko kòkó tàbí oko obì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ ìtumọ̀ òwe yìí dé ojú àmì. Ẹyẹ ni í jẹ èso àfòmọ́, tí í sì nu kóró rẹ̀ tí ń fà yọ̀ọ̀ mọ́ ara ẹ̀ka. Ibẹ̀ ni yóò ti hù, yóò ki ẹnu bọ inú igi, yóò sì máa fa oje rẹ̀ mu títí ẹ̀ka náà yóò fi rù. Ìtàkùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ivy ní gbòǹgbò tirẹ̀ nínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ejìnrìn, ọgbó àti ìyèré. Wọ́n ń wá oúnjẹ ara wọn. Ibi ìfarati nìkan ni wọ́n ń tọrọ. Kò yẹ kí a fi ojú àfòmọ́ wo ẹni tí ó kàn fara ti ni.

Síbẹ̀, ìfarati kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí ìtàkùn ara ògiri bá dàgbà, ẹ̀ka rẹ̀ a rékọjá sí àgbàlá kejì, a dí ojú ọ̀nà omi òrùlé, ejò a sì rí ibi sá pamọ́ sí. Aládùúgbò tí kò rà á, tí kò sì gbìn ín, ni yóò máa fi àdá gé e. Bí ó bá fẹjọ́ sùn, èsì tí yóò gbọ́ ni pé, “Ilẹ̀ mi ni mo gbìn ín sí.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Ibi tí a gbìn ín sí jẹ́ tiwa. Ibi tí ó ń lọ ń kọ́?

Àgbẹ̀ Yorùbá ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́tipẹ́, bí kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Ìtàkùn ni iṣu pẹ̀lú. Ẹni tí ó gbin iṣu ni í wá ọ̀pá tí iṣu yóò fà sí. Kì í fi iṣu rẹ̀ gun ọ̀pá aláàlà rẹ̀. Ó mọ bí ọ̀pá náà ti yẹ kí ó ga tó, ó sì mọ̀ bóyá yóò lè dúró títí di ìgbà tí a ó wa iṣu. Ìlànà ibẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ẹni tí ó ń retí èrè ìtàkùn ni kí ó pèsè ohun tí yóò gbé e.

Àwọn kan yóò sọ pé ohun àjèjì ni ó fa gbogbo wàhálà yìí, pé bí a bá gbin ti ilẹ̀ wa nìkan, àlàáfíà yóò jọba. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa ni àfòmọ́. Ní Òṣogbo kan náà, àjèjì méjì ni ó wọ Igbó Ọ̀ṣun. Èkíní ni igi tíìkì, ọmọ ilẹ̀ Éṣíà, tí a gé igi ibẹ̀ láti gbìn. Èkejì ni Susanne Wenger, ẹni tí a bí ní Graz ní ilẹ̀ Austria ní ọdún 1915, tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, tí a sì wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo, bí Adébísí Àkànjí, tún ojúbọ tí ń wó lọ ṣe, wọ́n mọ ère, wọ́n sì tako gígé igi níbẹ̀. Ọdún 2005 ni àjọ UNESCO ka igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Àdùnní papò dà ní ọdún 2009. Òkè òkun ni àwọn méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀kan gba ààyè igbó, èkejì gbé igbó ró. Bẹ́ẹ̀ sì ni ivy tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe ọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà fi òfin de títà rẹ̀ ní ọdún 2010, nítorí pé ó sá kúrò nínú ọgbà, ó wọ inú igbó, ó sì bo ewéko ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n tí ó yẹ kí a lò ni ohun tí nǹkan ń ṣe fún ibi tí ó dé.

Ó tún ku ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2010 kan náà, àwọn olùwádìí Yunifásítì Oxford gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ivy àti ògiri àtijọ́. Wọ́n rí i pé ó ń gba ògiri tí ó le lọ́wọ́ ooru, òtútù àti eruku. Ṣùgbọ́n níbi tí ògiri bá ti sán tẹ́lẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ a wọ ojú ihò, a sì mú un fẹ̀ sí i. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò gbin ìtàkùn tó wo ẹwà ewé rẹ̀, kí ó wo ògiri rẹ̀ bóyá ó le. Kí ó bá aládùúgbò rẹ̀ sọ ọ́. Kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọwọ́ rẹ̀ yóò ká a ní gígé. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ láàrin àgbàlá rẹ̀, kí ó gbin amúnútutù sí i. Yóò rí ewé wò, yóò sì rí ọbẹ̀ sè.

Ohun tí ó mú mi wí tó báyìí ni pé a ń gbin ènìyàn pẹ̀lú. Bàbá a mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n ní ìgboro kí ó lè kàwé. Lẹ́yìn náà, kò fi iṣu ránṣẹ́, kò béèrè bí ara ti rí, kò sì bi ẹ̀gbọ́n náà bóyá agbára rẹ̀ ṣì gbé e. Nígbà tí ó bá di ariwo, ọmọ ni a ó máa pè ní àfòmọ́. Ọmọ kò jẹ̀bi. Ìtàkùn ni, ibi tí a fà á sí ni ó fà sí. Ẹni tí ó gbìn ín, tí kò wá ọ̀pá fún un, ni kí a bi.