Bí Ẹ̀kọ́ Bá Tẹ́ni Lọ́rùn, Ṣé A Ti Kẹ́kọ̀ọ́ Náà Nìyẹn?



Nígbà tí ìjọba ti ilé-ìwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga aládàáni gbé iṣẹ́ wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yunifásítì Ìbàdàn náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé: ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn? Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rí kí ni ìdáhùn náà jẹ́?

Ẹ̀kọ́ láìfojú kan olùkọ́ kì í ṣe tuntun. Àwọn onímọ̀ hádíìsì láyé àtijọ́ gbà kí olùkọ́ kọ hádíìsì sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílùú mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n to ọ̀nà ìgbàmọ̀ ní ipele-ipele: èyí tí a gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ ló wà lókè, ìwé tí èèyàn kàn rí tó ń dá kà ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Jàbírù ọmọ Abdullahi, sàábé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), rin ìrìn oṣù kan lọ sí Ṣámù nítorí hádíìsì ẹyọ kan ṣoṣo.

A kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ Tápà máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìbàdàn o. Yunifásítì NOUN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì pa ní 1984, tó sì tún jí dìde ní 2002, ti jẹ́ kí ìyálọ́mọ àti òṣìṣẹ́ tí kò ráyè kàwé gboyè. Àánú ńlá ni.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ọmọ tó wọlé ẹ̀kọ́ lórí fóònù, tó gbé e sílẹ̀, tó lọ yan gàrí. Orúkọ rẹ̀ wà ní kíláàsì, òun wà nídìí agbada. Nígbà tí sáà parí, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Kò purọ́, ìrọ̀rùn ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹnìkejì rẹ̀ ń wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà kiri, dátà tán láàárín ẹ̀kọ́, ó da ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ, ó bèèrè èyí tí kò yé e. Òun ní kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ta ló kẹ́kọ̀ọ́ nínú àwọn méjèèjì? (Kí aláṣẹ kankan má fi èyí ṣàwáwí: ẹni tó gba owó ilé-ìwé pé pérépéré, tó tún di ẹrù dátà lé ọmọ tálákà lórí, àbòsí ló ṣe.)

Ìtẹ́lọ́rùn nínú ọrọ̀ ayé, ìwà rere ni. Ní ti ìmọ̀, Ànábì fúnra rẹ̀ ni Ọlọ́hun pàṣẹ fún pé kó máa tọrọ àlékún. Nílé-kéú, bí ọmọ bá ka wàláà rẹ̀ tán, áfáà kì í bi í bóyá ó gbádùn rẹ̀. Yóò gba wàláà náà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ní kó kà á sókè lórí. Olùkọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí fóònù náà: kó pe orúkọ, kó sì dúró gbọ́ ìdáhùn.