Ilẹ̀ Kò Mì, Ilé Wó: Ta Ni Ká Bi?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí bíríkìlà bá dín sìmẹ́ǹtì kù nínú ilé tó ń kọ́ fúnni, tí ilé náà sì dúró fún 30 ọdún láìwó, ṣé ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi?

Ní Sàngó níbí tí mò ń gbé, èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Ṣebí kò wó?" Bó bá wá wó, ohùn á yí padà: "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ẹ ò rí nǹkan? Ó wó o, kò wó o, ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi!

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ilẹ̀ ti ń mì. Àwọn onímọ̀ sọ pé ojú ilẹ̀ ayé dà bí igbá tó fọ́, tí àwọn àfọ́ rẹ̀ ṣì fara kanra. Àfọ́ kọ̀ọ̀kan ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ́dún, bí èékánná ṣe ń hù. Níbi tí méjì ti ń ti ara wọn, wọn a há, agbára á máa kó jọ síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá já gbà, ilẹ̀ á mì tìtì. Etí irú àfọ́ bẹ́ẹ̀ ni Hàítì àti Chile wà.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní, ọdún 2010, ilẹ̀ mì ní Hàítì. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.0, ó sì pa ju 100,000 ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún kan náà, ó kan Chile: 8.8. Agbára ti Chile tó ìlọ́po 500 ti Hàítì, síbẹ̀ nǹkan bí 500 ènìyàn ló kú. Lóòótọ́, ti Hàítì súnmọ́ olú-ìlú wọn gan-an. Ṣùgbọ́n Chile ní òfin ilé kíkọ́, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e.

Àwa ńkọ́? Ọ̀tà jìnnà sí etí àfọ́ tiwa. Àárín òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún ni etí náà wà. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje, ọdún 1984, ilẹ̀ mì díẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò le. Ohun tó ń mi ilé wa ni tírélà ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ n'Íkòyí wó, ó pa ju 40 ènìyàn lọ. Ilẹ̀ kò mì lọ́jọ́ náà o.

Èrò tèmi nìyí: ilẹ̀ tó dákẹ́ dà bí ẹlẹ́rìí tó rí gbogbo rẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀. Òun ló ń bo àṣírí ẹni tó fa àpò sìmẹ́ǹtì kan gùn títí tó fi di búlọ́ọ̀kù 50. Onítọ̀hún á ní ọjà kò tà, oníbàárà ń wá ẹ̀dínwó. Mo mọ̀ pé nǹkan le. Ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò sùn sábẹ́ òrùlé yẹn ńkọ́? Ta ló bi í bóyá ó fẹ́ fi orí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́?

Nítorí náà, ẹ̀bi kò dúró de ọjọ́ tí ilé bá wó. Bí ilé ọ̀hún dúró fún 100 ọdún, oríire àwọn tó gbé inú rẹ̀ ni, kì í ṣe àre ẹni tó kọ́ ọ. Àmúwá Ọlọ́run wà, n kò jiyàn. Kò sẹ́ni tó lè dá àfọ́ ilẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló po sìmẹ́ǹtì.