Ẹ̀tọ́ Ajá Lọ́rùn Ẹni Tí Ń Kọ́ Ọ

  

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ará Jímọ̀ wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Olè ti wọ àdúgbò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ra ajá kan tí yóò máa ṣọ́ ilé. Ó wá ẹni tí ń kọ́ ajá. Ọkùnrin yìí a máa fi ṣéènì ọrùn gbé ajá náà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú yóò fi kúrò nílẹ̀. Bí ó bá ní kí ó jókòó tí kò sì jókòó, pàṣán ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ajá ti ń jókòó. Ní ọjọ́ kejìlá, ọmọ ọdún mẹ́fà kan nínú ilé náà na ọwọ́ sókè láti ká aṣọ lórí okùn, ajá sì bù ú jẹ lápá. Ìbéèrè arákùnrin yìí kò gùn: “Àfáà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú kí a na ajá ni? Ajá ṣá ni.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó mú mi gbé kálàmù. Mo mọ ibi tí ó ti ń wá. Nígbà tí mo wà ní ilé kéwú, àwa ọmọdé a máa sọ òkò lu ajá tó bá ń kọjá, a sì rò pé ẹ̀sìn ni a ń ṣe, nítorí a ti gbọ́ pé itọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbin. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ fífọ abọ́ lẹ́ẹ̀meje, ọ̀rọ̀ nípa abọ́ ni. Kò sọ ohunkóhun nípa òkò. Ìmáàmù Málíkì, ẹni tí àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ jù, kò tilẹ̀ ka ajá alààyè sí ẹ̀gbin. Ìjọ́sìn ni ó ka fífọ abọ́ náà sí. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó sọ pé ẹ̀gbin sọ ìyà di ẹ̀tọ́.

Ẹ wo Sùúrátul-Máídà, ẹsẹ kẹrin. Ibẹ̀ ni Ọlọ́hun ti ṣe ẹran tí ajá ọdẹ bá mú wá ní ẹ̀tọ́ fún wa, pẹ̀lú àwọn májẹ̀mu rẹ̀, Ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ìmọ̀ tí a fi ń kọ́ ajá náà wá láti inú ohun tí Òun fúnra Rẹ̀ fi mọ̀ wá. Kíkọ́ ni Ó pè é, ọ̀rọ̀ kan náà tí a ń lò fún kíkọ́ ọmọ ní Àlùkùráánì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fíkíì sì ń wá àmì ajá tí ó gbẹ̀kọ́, wọ́n ní: bí a bá rán an, yóò lọ, bí a bá pè é, yóò dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kún un pé kò gbọdọ̀ jẹ nínú ẹran náà. N kò rí i kí ẹnikẹ́ni ka gbígbọ̀n mọ́ àwọn àmì wọ̀nyí.

Àwọn baba wa ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Gbogbo wa ni a máa ń fi òwe yìí bá ọmọ wí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi fèrè náà léèrè. Bí ọdẹ bá fọn fèrè, tí ajá wá, tí ọdẹ sì nà án nítorí pé ó pẹ́ kó tó dé, kí ni fèrè ti di létí ajá?

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ láàárín àwọn tí ń kọ́ ajá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní 1962 ni William Koehler tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, ṣéènì àti fífà á tìpá ni ìpìlẹ̀ ìlànà rẹ̀. Àwọn mìíràn fi ìkookò ṣe ẹ̀rí, wọ́n ní ọ̀gá wọn a máa fi agbára tẹ àwọn yòókù ba, nítorí náà kí ènìyàn ṣe bákan náà sí ajá. David Mech, ẹni tí ìwé rẹ̀ ti 1970 tan èrò ọ̀gá ìkookò yẹn kálẹ̀, ni ó tún kọ̀wé ní 1999 láti tún un ṣe: nínú igbó, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn ni agbo ìkookò sábà máa ń jẹ́. Ó wù mí kí àwa onímọ̀ ẹ̀sìn náà máa tètè tún ọ̀rọ̀ wa ṣe báyìí.

Karen Pryor ní tirẹ̀ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹran inú òkun tí à ń pè ní dolphin. Kò sí ẹni tí yóò so ìjánu mọ́ ọn lọ́rùn. Bí o bá ṣẹ́ pàṣán sí i, yóò kàn lúwẹ̀ẹ́ lọ. Fèrè àti ẹja ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2020 wo ajá 92 ní ilẹ̀ Pọ́túgà: àwọn tí a fi ìyà kọ́ fi àmì ìpayà hàn ju àwọn tí a fi èrè kọ́ lọ. Ilẹ̀ Wales ti fòfin de ìdè ọrùn tí ń fi iná mànàmáná ta ajá láti 2010.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ. Wọ́n ní ajá tí ń lé àgùntàn, tàbí tí ń sáré bọ́ sójú títì, lè kú kí èrè tó kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ṣàríà pàápàá kò fi ojú àánú aláìmọ̀kan wo ajá: Ànábì yọ̀ǹda pípa ajá abunijẹ, kódà nínú Hárámù. Àìní a máa ṣí ilẹ̀kùn. Àmọ́ ìwọ̀n àìní náà ni ilẹ̀kùn ń ṣí mọ. Bí ọ̀nà mìíràn bá wà tí ń débi kan náà láìsí ìyà, àwáwí ìyà ti tán. Ta ni yóò sì wọn àìní náà? Ẹni tí inú ń bí kò lè wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin àfáà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú sí mi: ní ọdún kan, mo gbé ọwọ́ láti ṣí ojú ewé Àlùkùráánì, ọmọ kéwú tó wà níwájú mi sì fi apá bo orí. Ọmọ náà mọ ìwé rẹ̀ dáadáa. N kò tíì gbàgbé apá yẹn.

Àwọn sàábé ti béèrè ìbéèrè arákùnrin wa ṣáájú rẹ̀. Ànábì ròyìn ọkùnrin kan tí ó bọ́ sínú kànga, tí ó fi bàtà rẹ̀ pọn omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́hun sì forí jìn ín. Wọ́n bi í bóyá ẹ̀san wà fún wọn lára ẹranko. Ìdáhùn rẹ̀ kó gbogbo ohun tí ó ní ẹ̀dọ̀ tútù pọ̀. Kò yọ ajá sílẹ̀.

Mo sọ fún arákùnrin wa pé kí ó kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ó so ajá jìnnà sí àwọn ọmọdé, kí ó sì dá olùkọ́ náà dúró. Ó béèrè ohun tí yóò fi kọ́ ajá báyìí, bóyá pọ̀nmọ́ dára. Mo ní kí ó gé e kéékèèké.