Ta ló ni ìdákẹ́jẹ́ àdúgbò?

Àwọn àgbà wa sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í gbé ojú ọ̀run. Orí ilẹ̀ ni à ń gbé, ilẹ̀ kò sì ń pọ̀ sí i. Àwa ènìyàn là ń pọ̀ sí i. Nítorí èyí ni ìjà ilé kíkọ́ ṣe ń wọ àdúgbò tó ti wà ní ìdákẹ́jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí a jọ rò ó.

Ẹ fi ọkàn wo àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Agboolé ni àwọn ilé ibẹ̀. Àgbàlá wà láàrin, kànga wà nínú àgbàlá. Lọ́sàn-án, ìró odó àti ohùn ọmọdé nìkan là ń gbọ́. Ẹnì kan wá ra ilẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́ta tí yóò ní yàrá ogún, kí òun lè máa gbowó lọ́wọ́ ayálégbé. Àwọn ará àdúgbò péjọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn kò gbà. Ta ló jàre?

Kí a tó dáhùn, kí a mọ ohun tó fà á. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní ọdún 2002, ènìyàn 223,552 ni wọ́n kà ní Àjàṣẹ́. Ní ọdún 2013, wọ́n ti di 264,320. Ó lé ní ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn tó fi kún un láàrin ọdún 11. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ rí ibi sùn.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ará àdúgbò kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Bí ìdílé mẹ́wàá bá dé síbi tí ìdílé kan wà tẹ́lẹ̀, ṣáláńgá yóò tètè kún. Àwọn tó mọ̀ nípa omi sọ pé ó yẹ kí ihò ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30. Níbi tí ilé ti fún mọ́ra, báwo la ó ṣe rí mítà 30? Omi òjò tí ilẹ̀ ń mu tẹ́lẹ̀ yóò bá símẹ́ńtì pàdé, yóò sì ṣàn wọ ilé ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó wà lájà kẹta yóò máa wo inú àgbàlá níbi tí ìyá àgbà ti ń wẹ̀. Ariwo alùpùpù yóò ti máa dún kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí ẹni tó yẹ kó ní kí a dákẹ́ lórí nǹkan wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n oríṣi ẹ̀rù méjì ló wà. Ìkínní ní orúkọ: kànga, ihò, omi òjò, fèrèsé. A lè wọ̀n ọ́n, a sì lè wá àtúnṣe sí i. Èkejì kò ní orúkọ. Òun ló ń sọ pé: “A kò mọ irú ènìyàn tó ń bọ̀.” Bí a bá fẹ́ mọ èyí tó wà lọ́kàn wa, kí oníkálukú bi ara rẹ̀ pé: bó bá jẹ́ ọmọ mi ló fẹ́ gba yàrá nínú ilé yìí, ṣé ohun tí n ó sọ nìyí? Bí ìdáhùn bá yí padà, kì í ṣe kànga là ń gbèjà.

Àwọn kan á ní: “Àwa la kọ́kọ́ dé. Tiwa ni ìdákẹ́jẹ́ yìí.” Lóòótọ́, ẹni tó dé ṣáájú ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ kànga, tó gbin igi, tó sì sin bàbá rẹ̀ síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ ṣe é bí ẹni tí kò sí. Ṣùgbọ́n ìtàn Àjàṣẹ́, ìtàn àwọn tó ń dé ni. Àwọn kan wá láti Aládà. Àwọn Nàgó wá láti ọ̀nà tiwọn. Àwọn Àgùdà padà dé láti ilẹ̀ Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì kọ́ ilé alájà tiwọn. Ilé tuntun ni àwọn ilé wọ̀nyẹn nígbà náà. Lónìí, àwọn là ń fi han àlejò.

Ẹ tún jẹ́ kí a wo ibi tí ẹni tí a kọ̀ ń lọ. Ní Kútọnu, òkun wà ní ìhà kan, adágún Nokoué wà ní ìhà kejì. Láti ọdún 2002 sí 2013, ènìyàn tó fi kún ìlú náà kò tó 14,000. Ṣùgbọ́n Abomey-Calavi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúrò ní 307,745, ó di 656,358. Oko di ilé. Àwọn mìíràn kọ́lé sí àbàtà. Nígbà tí omi bo ọ̀pọ̀ ìlú ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2010, gbogbo wa rí ìyà tó ń jẹ ẹni tó kọ́lé sí ọ̀nà omi. Ilé tí a kọ̀ níhìn-ín kò parẹ́. Ibòmíràn ló lọ.

Àgbà sọ pé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Ní ìpàdé àdúgbò, onílẹ̀ sọ̀rọ̀, ará àdúgbò náà sọ̀rọ̀. Ẹni tí yóò gbé inú ilé náà kò sí níbẹ̀. Ó lè jẹ́ tíṣà tuntun, tàbí opó tí ilé rẹ̀ ń jò, tàbí ọmọ tí a kò tíì bí. Ẹnì kan nínú wa ló yẹ kó bá a sọ̀rọ̀.

Èyí kò ní kí onílẹ̀ ṣe bó ṣe wù ú. Bó bá gba owó yàrá ogún, tó sì fi ẹ̀gbin yàrá ogún sílẹ̀ fún aládùúgbò, olè ni, bí kò tilẹ̀ wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá jẹ èrè ni kó ru ẹrù. Kó ṣe ihò tí kò ní jò. Kó la ọ̀nà fún omi òjò. Kó má yọ fèrèsé sí àgbàlá ẹlòmíràn. Bí ilẹ̀ náà kò bá gba yàrá ogún, kó kọ́ mẹ́wàá.

Ìdákẹ́jẹ́ àdúgbò dà bí ibòji igi ìgboro. Ẹni tó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ kò lè lé ẹni tó dé lẹ́yìn. Ẹni tó dé lẹ́yìn kò sì gbọdọ̀ gé igi náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá dé àdúgbò yín, ẹ má jẹ́ kó di ariwo. Òfin ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé nígboro gba ìwé àṣẹ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó mọ̀wé bèèrè ìwé náà, kó kà á sókè létí gbogbo ènìyàn. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí onílẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mú un lọ sí mẹ́rì. Ẹni tó bá sì ní òun kò gbà rárá, kó kọ́kọ́ sọ ibi tí àwọn ènìyàn náà yóò sùn.