Ṣé Dandan Ni Kí Kòkòrò Wúlò fún Wa?

Ní ọdún 2017, àbọ̀ ìwádìí kan jáde láti Jámánì tó kó ìpayà bá àwọn onímọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ kòkòrò kan ní ìlú Krefeld ti ń ta àgọ́ aláṣọ sínú igbó láti ọdún 1989. Kòkòrò tó bá fò kọlu aṣọ náà á máa gùn ún lọ sókè títí yóò fi já sínú ìgò ọtí líle, wọn á sì gbé ohun tó bá wà nínú ìgò sórí ìwọ̀n. Ibi 63 ni wọ́n ti ṣe é, ilẹ̀ tí òfin dáàbò bò sì ni gbogbo wọn. Láàárín ọdún 27, ìwọ̀n kòkòrò tó ń fò fi nǹkan bí ìdá 76 nínú 100 dín kù. Bí ẹnì kan bá béèrè pé kí ló kan òun níbẹ̀, èsì tí wọ́n sábà máa ń fún un ni pé bí oyin bá tán, oúnjẹ á wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èsì náà kò kún tó. Ohun tí a jẹ kòkòrò ní gbèsè ti wà ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àǹfààní rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀pẹ. Igi ilẹ̀ Áfíríkà ni, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ló ti dé Màléṣíà. Nígbà tó débẹ̀, kò so dáadáa. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń gbà láti máa fọwọ́ wọ́n lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ sára abo. Èrò ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé nígbà náà ni pé afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn níbòmíì. Nígbà tí onímọ̀ nípa kòkòrò kan, Rahman Syed, lọ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní ní Kamẹrúùnù, kòkòrò kan tí kò tó hóró ìrẹsì ló bá nídìí rẹ̀. Inú òdòdó akọ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ń yé sí, lẹ́búlẹ́bú á sì bò ó lára. Bí òdòdó abo bá là, òun náà á máa ta sánsán bíi ti akọ. Kòkòrò náà á fò lọ, á rìn yí i ká, kò ní rí oúnjẹ kankan, á sì padà síbi tó ti wá. Ìrìn òfo yẹn ló ń sọ òdòdó di ẹyìn. Lọ́dún 1981 wọ́n tú u sílẹ̀ ní Màléṣíà, iṣẹ́ àfọwọ́ṣe náà sì dópin. Epo tí a ti ń jẹ láti ìrandíran, àti ikin tí babaláwo fi ń dífá, ọwọ́ irú kòkòrò yìí ni wọ́n ti ń wá, ta ló sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tó bá ní òun fẹ́ mọ ìwúlò kòkòrò kóun tó dá a sí lè ti pa olóore rẹ̀ kó tó mọ̀.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró lórí èrè, torí kòkòrò mìíràn wà tí a lè má rí èrè rẹ̀ láéláé. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì sọ pé Ọlọ́run dá ohun tó ń rákò lórí ilẹ̀, ó sì rí i pé ó dára, kó tó wá kan dídá ènìyàn. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀rí rere yẹn, a ò tíì sí níbẹ̀ tí wọn ó fi wúlò fún wa. Hádíìsì kan nínú àkójọ Bukhari sọ ti Ànábì kan tí èèrà gé jẹ, tó sì ní kí wọ́n sun ilé èèrà náà; Ọlọ́run bá a wí pé nítorí ẹyọ èèrà kan, ó sun odidi ìjọ tó ń ṣe àfọ̀mọ́ Òun. Àwọn baba wa náà ní kí ẹni tó fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, wọn ò sì béèrè ohun tí ẹyẹ náà ń ṣe fún wa.

Wọ́n á ní, ẹ̀fọn ńkọ́? Ìbéèrè tó lágbára ni, torí ibà ń pa èèyàn tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù lọ́dọọdún, ọmọdé ilẹ̀ Áfíríkà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. N kò ní sọ fún ìyá kankan pé kó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀fọn jẹ. Àmọ́ nínú nǹkan bí 3,500 irú ẹ̀fọn tó wà láyé, díẹ̀ lára àwọn Anopheles nìkan ló ń gbé ibà kiri. Ẹni tó so nẹ́ẹ̀tì, tó da omi tó dúró sójú kan nù lẹ́yìnkùlé, ọ̀tá rẹ̀ ló ń bá jà. Ẹni tó ń fín oògùn sí gbogbo oko láìwo ohun tó wà níbẹ̀, kò mọ ẹni tóun ń pa. Nínú oko kòkó, inú ewé jíjẹrà àti èèpo kòkó tó wà nílẹ̀ ni àwọn kòkòrò bíńtín tó ń mú òdòdó kòkó gbọlẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Oògùn tó bá dà sórí wọn kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n.

Àwọn mìíràn ní àsọdùn ni, pé kì í ṣe gbogbo kòkòrò ló ń dín kù. Wọn ò parọ́. Àkójọ ìwádìí tó jáde ní 2020 fi hàn pé ti orí ilẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 dín kù ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, nígbà tí ti inú odò ń pọ̀ sí i. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n fi rò pé ti odò ń pọ̀ ni pé àwọn orílẹ̀-èdè kan ti fọ odò wọn mọ́. Ìyẹn ló fún mi nírètí jù: ohun tí ọwọ́ wa bà jẹ́, ọwọ́ wa lè tún un ṣe. Lọ́dún 2018 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de lílo irú apakòkòrò mẹ́ta kan lóko gbangba. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èèyàn tó lé ní 1,700,000 ní ìpínlẹ̀ Bavaria fọwọ́ sí ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì pé kí ìjọba gba oyin là, ó sì di òfin. Ẹ̀yin ààfáà, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin babaláwo, ẹ̀yin ni àgbẹ̀ máa ń gbọ́ tiyín: ẹ sọ fún un pé kó má fín oògùn nígbà tí òdòdó bá là, kó sì dá igbó díẹ̀ sí létí oko rẹ̀.