Ta Ló Ni Èéfín?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní èéfín nìwà: bó ti wù ká bò ó tó, á rú jáde. Ọ̀pọ̀ wa ló ti mọ ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré. Ohun tí a kì í sábà bi ara wa ni pé: tó bá ti rú jáde tán, ta ló ni ín? Ẹni tó dáná ni, àbí ẹni tó ń fà á símú?

Ẹ jẹ́ ká fi igi óákù wò ó, igi tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú Bíbélì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń gbé, àwọn ilé kan ṣì ń lo ààrò onírin tó ní ilẹ̀kùn lásìkò òtútù, óákù sì níyì nínú igi ìdáná. Ó wúwo, kì í tètè jó tán, ẹyín iná rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Àmọ́ alágídí ni. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, omi inú rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwúwo rẹ̀, omi náà kì í sì í fẹ́ jáde.

Ìgbà tí igi náà bá ṣì tútù ló rọrùn láti là jù. A ó wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e, a ó wá ibi tó ti sán, ibẹ̀ la ó sọ àáké sí. Tó bá tóbi jù, etí rẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀, a ò ní kọjú sí àárín, a ó sì yẹra fún kókó. Kì í ṣe torí kí igi lè wọ ẹnu ààrò nìkan la ṣe ń là á: èèpo kì í jẹ́ kí omi jáde, àfi ká ṣí inú igi fún atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà, a ó tò ó sórí pákó kó má bàa kan ilẹ̀, níbi tí oòrùn àti atẹ́gùn ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A ó bo orí rẹ̀ nítorí òjò, a ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìbò. Ó wá ku ìdúró. Ọdún kan lè tó fún igi mìíràn. Óákù ń fẹ́ ọdún méjì, nígbà míì mẹ́ta.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ? Á fúyẹ́, orí rẹ̀ á sán, tí a bá sì fi méjì kan ara wọn, á dún kó, kò ní dún gbì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi, àmọ́ ẹ má fi kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ tún un là, kí ẹ wọn inú, torí ẹ̀yìn lè gbẹ kí inú ṣì tutù rinrin. Tí kò bá ju 20% lọ, ó ti yá.

Tí a ò bá lè dúró ńkọ́? Iná á kọ́kọ́ fi agbára rẹ̀ gbẹ omi, ilé ò ní gbóná dáadáa, èéfín á pọ̀, ìdọ̀tí dúdú bí ọ̀dà á sì lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá èéfín. Ìyẹn lè gbiná lọ́jọ́ kan.

Nínú ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé nílé lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ki igi tútù bọ ààrò, ojú tirẹ̀ ni omi á kọ́kọ́ jáde. Èéfín á kọ́ ọ lọ́gbọ́n lójú ẹsẹ̀. Ààrò onírin yàtọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ń gbé èéfín gba orí òrùlé lọ, oníná jókòó sínú yàrá tó mọ́ tónítóní, ọmọ aládùúgbò tí mímí ń ṣòro fún ló ń wúkọ́. Ọ̀tọ̀ lẹni tó kánjú, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń jẹ ìyà rẹ̀. Ibí yìí ni "ilé mi ni, igi mi ni" ò ti tó mọ́.

Ìjọba náà rí i bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú dà pọ̀ mọ́ kùrukùru, ó bo London fún ọjọ́ 5, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì bá a lọ. Òfin lórí afẹ́fẹ́ mímọ́ tẹ̀ lé e ní 1956. Òfin mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ní England: igi ìdáná tí wọ́n bá ń tà níwọ̀n tí kò tó kúbíìkì mítà 2, omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 20% lọ. Ó dáa. Àmọ́ ọjà ni òfin yẹn ń ṣọ́. Igi tí a fọwọ́ ara wa là lẹ́yìnkùlé, kò sẹ́ni tó ń wá wọ̀n ọ́n. Ó ku àwa àti ìwà wa.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu ẹni tó ní ẹ̀yìnkùlé. Òótọ́ ni. Ẹni tí owó gáàsì ti kọjá agbára rẹ̀, tó rí óákù tí ìjì wó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé ká ní kó lọ ní sùúrù ọdún méjì? Sùúrù kì í mú ara gbóná. A ò lè dá a lẹ́bi bíi ti ẹni tó ní àyè, tó ní àkókò, tó kàn ń kánjú.

Àmọ́ ẹ wò ó: igi tó ti gbẹ, sùúrù tó ti di ohun tó ṣeé gbé fúnni ni. Ẹni tó ní igi ọdún méjì nílẹ̀ lè gbé díẹ̀ kọjá ọgbà fún aládùúgbò, kó gba tútù tirẹ̀, kó tò ó sẹ́yìn. "Ẹ gba gbígbẹ yìí, ẹ fún wa ní tútù; àwa lè dúró." Kò sẹ́ni tó pàdánù igi kankan. Ìdúró nìkan ló kúrò lọ́rùn ẹnì kan bọ́ sọ́rùn ẹnì kejì, ẹni tí agbára rẹ̀ ká a.

Ká má tan ara wa o: óákù tó gbẹ pàápàá ń rú èéfín, eruku rẹ̀ tí ojú ò lè rí sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Lálẹ́ tí atẹ́gùn ò bá fẹ́, tí èéfín kàn ń bà sórí àdúgbò, tí a bá ní ohun mìíràn tó lè mú ilé gbóná, ká fi ààrò sílẹ̀.

Lójú tiwa, ẹni tó dáná ló ni ooru. Ẹni tó ń fa èéfín símú ló ni èéfín, torí inú rẹ̀ ló ń gbé. Ó yẹ ká gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ ká tó ṣáná. Níwọ̀n bí a ò ti lè kan ilẹ̀kùn gbogbo àdúgbò lálaalẹ́, ẹ jẹ́ ká tètè la igi, ká tò ó, ká sì dúró.