Ọ̀nà Ló Jìn, Ọmọ Kò Jẹun Jù

Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ wa pín kíláàsì wa sí ọ̀nà méjì fún àríyànjiyàn. Ìbéèrè tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìjọba máa ná owó rẹpẹtẹ lórí àwọn ènìyàn kéréje tó ń gbé ní ibi jíjìnnà, nígbà tí owó kan náà lè ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ní ìlú ńlá? Àpẹẹrẹ tí wọ́n fún wa ni àríwá ilẹ̀ Kánádà. Mo wà lára àwọn tó ní kò tọ́. Mo fi ìṣirò ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́, ìhà tiwa ló sì borí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọkàn mi kò balẹ̀. Àròkọ yìí ni mo fi ń dá ara mi lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ti rí. Nunavut ni agbègbè tó tóbi jù ní Kánádà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1999 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára agbègbè tí a ń pè ní Northwest Territories. Àwọn Inuit, tí àwọn baba ńlá wọn ti ń gbé orí yìnyín láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ilẹ̀ Nàìjíríà lọ. Bí a bá pín gbogbo ilẹ̀ Kánádà sí ọ̀nà márùn-ún, ìdá kan jẹ́ ti Nunavut. Síbẹ̀, ènìyàn 36,858 péré ni ìkànìyàn ọdún 2021 bá níbẹ̀. Bí a bá kó ẹgbẹ̀rún kan ará Kánádà jọ, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò jẹ́ ará Nunavut.

Ìlú àti abúlé 25 ni wọ́n ń gbé, kò sì sí ọ̀nà mọ́tò tó so ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Bàálù ni wọ́n fi ń rìn. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kì í lè dé ọ̀dọ̀ wọn àfi ní oṣù mélòó kan láàárín ọdún, nígbà tí yìnyín orí òkun bá yọ́. Ní àkókò kúkúrú yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó epo tí wọn yóò lò títí di ọdún tó ń bọ̀ wọlé, pẹ̀lú pákó àti irin tí wọn yóò fi kọ́lé. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń fi dísù tan iná tirẹ̀, nítorí kò sí wáyà tó gbé iná láti ìlú kan dé òmíràn. Iqaluit tí í ṣe olú-ìlú nìkan ló ní ilé ìwòsàn ńlá. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, nọ́ọ̀sì ló ń tọ́jú aláìsàn. Bí àìsàn bá le, bàálù ni yóò gbé e lọ. Aboyún pàápàá sábà máa ń fi ilé àti ọkọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ ìbímọ, kí ó lè wà nítòsí dókítà.

Ta ló ń san gbogbo owó yìí? Èyí tó pọ̀ jù nínú ètò ìnáwó Nunavut lọ́dọọdún, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa ló ti ń wá. Àwọn ará gúúsù tó ń san owó orí ló ń gbé ẹrù náà. Ibí yìí ni mo ti rí ohun tí mo fi borí ní kíláàsì. Mo mú ọ̀nà kan ní Northwest Territories ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n là láti Inuvik dé Tuktoyaktuk ní etí òkun, tí wọ́n sì ṣí ní oṣù kọkànlá ọdún 2017. Ó ná wọn ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù dọ́là. Ènìyàn tó ń gbé Tuktoyaktuk kò tó ẹgbẹ̀rún kan. Mo pín owó náà fún wọn lójú pátákó ìkọ̀wé: ó lé ní 300,000 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan! Ariwo sọ.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá àgbà nílé, wọ́n kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan: "Bí mo bá se oúnjẹ fún ọmọ méjì, tí ọ̀kan wà nílé, tí èkejì wà lóko, tí mo sì san owó ọkọ̀ fún ẹni tó gbé ti oko lọ, èwo nínú wọn ló jẹun jù?"

Mo ní, "Oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ, mà."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ọ̀nà ló jìn, ọmọ kò jẹun jù."

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yìí títí. Àṣìṣe mi ni pé owó ni mo kà, n kò ka ohun tó dé ọwọ́ ọmọ. Ọmọ iléèwé ní Grise Fiord kò ní olùkọ́ mẹ́ta níbi tí ọmọ Toronto ti ní ẹyọ kan. Gílóòbù tó ń tàn nínú yàrá rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ọ̀nà, òtútù àti òkun ló jẹ èyí tó pọ̀ nínú owó náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tó sì dé ọwọ́ rẹ̀ kò tó ti ọmọ ilé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, òórùn epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú omi ẹ̀rọ ní Iqaluit, wọ́n sì ní kí ará ìlú má mu ún. Ó tó nǹkan bí oṣù méjì kí wọ́n tó lè mu omi ẹ̀rọ padà. Olú-ìlú nìyẹn o, kì í ṣe abúlé. Ta ni yóò wá sọ pé àwọn wọ̀nyí ń jẹ ìjẹkújẹ?

Ìwé òfin Kánádà ti ọdún 1982 pàápàá ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ní abala 36, ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ìpínlẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ láti pèsè àwọn ohun kòṣeémánìí fún gbogbo ará Kánádà ní ọ̀nà tó bójú mu. Wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé àfi ẹni tí ilé rẹ̀ bá súnmọ́ títì.

Àmọ́ ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣebí wọ́n lè kó wá sí gúúsù?" Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. N kò tíì gbọ́ ìtàn ọdún 1953 nígbà náà. Ní ọdún yẹn àti ní 1955, ìjọba Kánádà kó àwọn ìdílé Inuit kan láti Inukjuak, ní àríwá Quebec, lọ sí Resolute àti Grise Fiord, ibi tó jìnnà sí ilé wọn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà. Ìjọba ní ẹran ọdẹ ló pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé kí ilẹ̀ àríwá lè dúró lábẹ́ àsíá Kánádà ni wọ́n ṣe kó wọn lọ. Wọ́n ṣèlérí pé ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè padà lẹ́yìn ọdún méjì. Wọn kò mú ìlérí náà ṣẹ. Ọdún 2010 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì. Ẹni tó gbé ọmọ lọ sóko kí wọ́n má bàa gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu wo ni yóò fi sọ lónìí pé owó oúnjẹ ọmọ náà ti pọ̀ jù? Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò sì kó lọ síbẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ baba wọn ni. Kò yẹ kí ènìyàn ta ilé baba rẹ̀ kí ó tó rí omi mu.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ti sá kúrò nínú àṣejù kan bọ́ sínú òmíràn. Owó ìjọba kì í ṣe omi òkun. A kò lè kọ́ ilé ìwòsàn ńlá sí abúlé 25, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa retí rẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó yẹ ká béèrè ni èyí: ṣé ohun tí ènìyàn kò lè ṣe aláìní ni, àbí ohun tí olóṣèlú fẹ́ dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò? Omi tó mọ́, iná, iléèwé, ìtọ́jú nígbà àìsàn, ilé tí òtútù kò ní pa ènìyàn sí, gbogbo wọn wà nínú ti àkọ́kọ́. Ìbéèrè kejì ni pé: ta ni wọ́n bi kí wọ́n tó náwó náà? Ní Nunavut, ọ̀pọ̀ ìdílé ló há mọ́ra wọn nínú ilé kótópó. Bí wọ́n bá ń ké pé ilé ni àwọn ń fẹ́, tí ẹni tó jókòó sí Ottawa sì ń fún wọn ní ohun mìíràn, owó ti lọ, ìyà kò sì tíì lọ.

Ọ̀nà Tuktoyaktuk tí mo fi ṣe ẹlẹ́yà ńkọ́? Ìṣirò mi péye, ṣùgbọ́n ìdájọ́ mi kò péye. Ọ̀nà kì í ṣe oúnjẹ ọdún kan. Ọmọ tí wọ́n bá bí lónìí yóò rìn ín, ọmọ rẹ̀ náà yóò rìn ín. Kì í sì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo, nítorí òun ló so etí òkun àríwá mọ́ gbogbo ọ̀nà mọ́tò Kánádà. Bóyá ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó náà kọ́lé, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló lè sọ ọ́ jù mí lọ. Èmi tí mo jókòó sí kíláàsì, pátákó ìkọ̀wé nìkan ni mo ní.

Bí olùkọ́ wa bá tún pín wa sí ọ̀nà méjì lọ́la, mo ti mọ ibi tí n ó dúró. N kò ní fi àánú jà, nítorí kì í ṣe àánú ni. Ọmọ tó wà lóko kò tọrọ bárà, oúnjẹ tirẹ̀ ló ń béèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá tún pín owó náà fún orí ènìyàn lójú pátákó, n ó ní kí ó ya ìlà sí i, kí ó kọ iye tí ọ̀nà jẹ sí apá kan, kí ó kọ iye tó dé ọwọ́ ọmọ sí apá kejì. Lẹ́yìn náà ni kí a tó pàtẹ́wọ́.